Ìwádìí Nicaragua lórí hómíópátì fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé: báwo la ṣe máa wọn ẹ̀rí rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ìwádìí kan wà tí àwọn tó ń polówó hómíópátì (ìtọ́jú tó ń lo oògùn tí wọ́n ti bu omi là léraléra) máa ń gbé síwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú u palẹ̀. Jennifer Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ó jáde nínú jọ́nà Pediatrics ní 1994. Ìlú León ní Nicaragua ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ 81 ni wọ́n lò, láti ọmọ oṣù 6 títí dé ọmọ ọdún 5, ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló ń mu ORS, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba hómíópátì tí wọ́n yàn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn tirẹ̀ ṣe rí, ní agbára 30C. Àwọn yòókù gba plàsíbò, ìyẹn hóró tó jọ ọ́ pátápátá tí kò ní oògùn kankan nínú. Ìyá ò mọ èyí tí ọmọ òun gbà, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà ò mọ̀. Ìgbẹ́ àwọn tó gba hómíópátì tètè dá ju ti àwọn yòókù lọ, p, ìyẹn òṣùwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó kí èèṣì nìkan mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá, sì kéré sí 0.05.

Ohun tó ń rú mi lójú nìyí: kèké wà níbẹ̀, plàsíbò wà níbẹ̀, jọ́nà tó lórúkọ ló gbé e jáde. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ilẹ̀ Australia, NHMRC, sọ ní 2015 pé kò sí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbọ́kàn lé fi hàn pé hómíópátì ń wò sàn. Báwo ni méjèèjì ṣe lè dúró pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé irọ́ ni. Kí ni kí n wò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Kí sì ni kí n sọ fún ìyá tó bá mú un wá?

Oníṣirò fèsì:

Ìbéèrè gidi ni, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà gan-an, torí òun ló máa sọ bí ẹ̀rí tí a ó béèrè ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó.

1C ni pé ẹ mú ìwọ̀n 1 lára oògùn, ẹ dà á sínú ìwọ̀n 99 omi tàbí ọtí, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ mú ìwọ̀n 1 lára èyí tí ẹ gbọ̀n, ẹ dà á sínú 99 mìíràn, ó di 2C. Tí ẹ bá ṣe é nígbà 30, ó di 30C, oògùn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ á sì ti di ìdá kan nínú iye tó jẹ́ 1 tí òdo 60 tẹ̀lé. Ẹ fi ṣúgà ìdáná wò ó: nínú 342 gíráàmù ṣúgà, mólékù tó wà níbẹ̀ tó 6 tí òdo 23 tẹ̀lé. Ká tiẹ̀ ní gbogbo 342 gíráàmù yẹn ló wà nínú ìwọ̀n tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá fi máa dé 12C, ó ti ṣeé ṣe kó máà ku ẹyọ mólékù kan níbẹ̀. Ìpele 18 ṣì kù kí ẹ tó dé 30C. Ọdún 1796 ni Samuel Hahnemann gbé ìlànà hómíópátì jáde ní Jámánì. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì mọ iye mólékù tó wà nínú gíráàmù ohunkóhun.

Ìyẹn nìkan kò ní ká pa ìwé dé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yí ìtumọ̀ p padà. Ká sọ pé èrò 1,000 la fẹ́ dán wò, tí 10 péré nínú wọn jẹ́ òótọ́. Ìdánwò tó dáa á rí 8 mú nínú 10 yẹn. Àmọ́ nínú 990 tí kò jẹ́ òótọ́, nǹkan bí 50 á jáde pẹ̀lú p tó kéré sí 0.05, torí ohun tí 0.05 ń gbà láàyè nìyẹn: ẹyọ kan nínú 20. Èsì 58 ló máa wà lọ́wọ́ yín tí wọ́n ń sọ pé "ó ṣiṣẹ́", 8 péré ló sì jẹ́ òótọ́. Bí èrò bá ṣe jìnnà sí ohun tí a mọ̀ nípa kẹ́mísírì tó, bẹ́ẹ̀ ni p kan ṣoṣo á ṣe máa kéré níyì tó.

Ó wá di León. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni iye ọjọ́ tó gbà kí ọmọ tó dẹni tí kò yàgbẹ́ ṣíṣàn tó ìgbà 3 lóòjọ́, fún ọjọ́ 2 tó tẹ̀ léra. Ọmọ 81 kéré fún irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àrunṣu ọmọdé máa ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọmọ bá ń rí omi mu, nítorí náà tí kèké bá ṣèèṣì kó ọmọ mélòó kan tí ìgbẹ́ wọn ti fẹ́ dá sí apá kan, èsì á yí. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ṣé wọ́n tún un ṣe?

Wọ́n tún un ṣe, ẹni kan náà ló sì ṣíwájú rẹ̀. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ní 2003, wọ́n kó ìdánwò 3 pọ̀, ọmọ 242 lápapọ̀, Nepal wà lára wọn. Ọjọ́ 3.3 ni ìgbẹ́ fi ṣe àwọn tó gba hómíópátì, ọjọ́ 4.1 ni ti plàsíbò. Nígbà tí wọ́n sì ṣírò ìyàtọ̀ inú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 0.66, ìyẹn wákàtí 16. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Honduras, èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ọmọ 292 ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n pò àwọn oògùn hómíópátì tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ní ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo, kó lè rọrùn láti pín kiri. Ọjọ́ 3 ni ìgbẹ́ fi ṣe ẹni àárín ní apá méjèèjì. Iye ìgbẹ́ ṣíṣàn jẹ́ 7.8 fún àwọn tó gba oògùn, 8.0 fún àwọn tó gba plàsíbò. Hazard ratio (bí ìgbẹ́ ṣe yára dá tó ní apá kan sí èkejì, 1 túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba) jẹ́ 1.02, ààlà ìdánilójú 95%, ìyẹn àárín ibi tí iye gidi ti ṣeé ṣe kó wà, láti 0.79 dé 1.3. Ní èdè tó yé ìyá, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Àwọn tó ń polówó kì í dárúkọ Honduras. Ẹ bi wọ́n.

Ewé_àti_Kápúsù fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò ti sọ̀rọ̀ tán lórí C. Èmi fẹ́ fi ti ara páálí oògùn kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ hómíópátì sí lára ni omi tàbí ṣúgà lásán. X tàbí D túmọ̀ sí ìdá 10, kì í ṣe ìdá 100. 2X jẹ́ ìdá 1 nínú 100, oògùn ṣì wà níbẹ̀ gbágbáágbá. Zicam tí wọ́n máa ń fín sí imú ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ní síǹkì nínú ní irú ìwọ̀n yìí. Ní 2009, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀, ní kí àwọn ènìyàn má lò ó mọ́ nítorí ìròyìn tó lé ní 130 nípa àwọn tí imú wọn kò gbóòórùn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ní 2017 bákan náà, FDA yẹ hóró hómíópátì kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín wò, wọ́n sì rí i pé belladonna tó wà nínú hóró kan kò bá ti èkejì dọ́gba, àwọn kan sì ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ fíìfíì. Májèlé ni belladonna fún ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ó kan ìwádìí náà. Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe àyẹ̀wò kan ní 2009 lórí hómíópátì fún wàhálà tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń fà. Méjì péré ló fẹ́ jọ pé ó ṣiṣẹ́: ìpara calendula fún awọ ara tí ìtànṣán jó, àti Traumeel S, àdàlù oògùn hómíópátì tí wọ́n fi ń yọ ẹnu. Ìpara calendula yẹn ní èròjà ewéko gidi nínú. Ẹni tó bá kà á sí ẹ̀rí fún 30C ti da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n sì tún Traumeel dán wò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó pọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ, èsì rẹ̀ jáde ní 2012, kò borí plàsíbò.

Ohun kan náà ló fà á tí kò fi yẹ ká máa ka hómíópátì àti àgbo sí ọ̀kan. Egbòogi wà nínú àgbo, ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ìṣẹ̀dálẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí tàwọn bàbá wa", ẹ rán an létí pé Jámánì ni hómíópátì ti wá.

Ọ̀nà_Kejì fèsì:

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì ń tẹ òṣùwọ̀n sí apá kan, ó sì yẹ kí ẹni tó béèrè gbọ́ tẹnu àwa tó fara mọ́ hómíópátì náà.

Àkọ́kọ́, Honduras kò dán ohun tí León dán wò wò. Ìpìlẹ̀ hómíópátì ni pé kí á yan oògùn fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ pò ó pọ̀ sínú hóró kan fún gbogbo ọmọ, ẹ wá ní kò ṣiṣẹ́. Ní 2014, Mathie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò oògùn tí wọ́n yàn fún ẹni kọ̀ọ̀kan jọ, 22 ló ní nọ́ńbà tó ṣeé ṣírò: odds ratio 1.53 (níbẹ̀, 1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀, ohun tó bá ju 1 lọ ló ń gbè lẹ́yìn oògùn), ààlà rẹ̀ láti 1.22 dé 1.91. Nínú mẹ́ta tí wọ́n kà sí èyí tó ṣeé gbára lé, ó jẹ́ 1.98, láti 1.16 dé 3.38. Kò sí èyí tó kan 1 níbẹ̀.

Èkejì, ìwádìí Shang tó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet ní 2005 tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ìdánwò hómíópátì 110 ni wọ́n kó jọ, wọ́n fi 110 ti oògùn òyìnbó ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìdánwò 8 péré ni ìdájọ́ ìkẹyìn dúró lé. Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ mẹ́jọ náà nínú ìwé wọn nígbà àkọ́kọ́. Lüdtke àti Rutten fi hàn ní 2008 pé tí ẹ bá yí ibi tí ẹ ti gé ohun tí ẹ pè ní "ìdánwò ńlá", èsì náà á yí. Ẹ̀kẹta, NHMRC kò ka ìdánwò tí kò tó ènìyàn 150 sí èyí tó ṣeé gbára lé. Ta ló fún wọn ní 150?

Oníṣirò fèsì:

Ọ̀nà_Kejì, ẹ ṣeun, atótónu yín nítumọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí Shang, òótọ́ ni ẹ sọ, ó yẹ kí wọ́n ti dárúkọ mẹ́jọ náà látìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde ni 0.88 fún hómíópátì, ààlà láti 0.65 dé 1.19, níbẹ̀, ohun tó bá kéré sí 1 ló ń gbè lẹ́yìn oògùn. Ti oògùn òyìnbó jẹ́ 0.58, láti 0.39 dé 0.85. Ibi tí wọ́n ti gé e lè yí nọ́ńbà padà lóòótọ́. Ohun tí kì í yí ni ìrísí rẹ̀: bí ìdánwò bá ṣe tóbi tó, tí wọ́n sì ṣọ́ ọ tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní hómíópátì ṣe ń sún mọ́ òfo. Ẹ má gba tẹnu Shang, ẹ wo ti olùwádìí mìíràn, Linde. Ní 1997, nínú Lancet kan náà, ìdánwò 89 ló fún un ní odds ratio 2.45 (tiẹ̀, ohun tó ju 1 lọ ló ń gbè lẹ́yìn oògùn), èyí tí gbogbo àwọn onímọ̀ hómíópátì fi yangàn. Nínú ìwé yẹn kan náà ló ti sọ pé ẹ̀rí kò tó fún àìsàn kan pàtó. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí ìwádìí kan náà, wọ́n rí i pé àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe dáadáa ni àǹfààní wọn kéré jù, wọ́n sì kọ ọ́ fúnra wọn pé ó kéré tán, èsì ti 1997 ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lórí Mathie: mẹ́ta nínú 22 ni ẹ fẹ́ gbé ilé lé. Ààlà láti 1.16 dé 3.38 fẹ̀ gan-an, ìdánwò kékeré ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mathie fúnra rẹ̀ ní kí á ṣọ́ra nítorí pé ìpele ẹ̀rí náà lọ sílẹ̀ tàbí kò hàn kedere. Nígbà tí wọ́n ṣe ti oògùn tí a kò yàn fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní 2017, èyí tó ṣeé gbára lé mẹ́ta jẹ́ SMD −0.18 (òṣùwọ̀n ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì: òfo túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀, ohun tó kéré sí òfo ló ń gbè lẹ́yìn oògùn), ààlà rẹ̀ láti −0.46 dé 0.09. Ó kan òfo.

Ohun kan tún wà tí kò hàn nínú ìwé tó jáde, torí ó wà nínú èyí tí kò jáde. Gartlehner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo èyí ní 2022. Nínú ìdánwò hómíópátì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 2002, nǹkan bí 38% kò tíì jáde. Nínú àwọn tó jáde, 53% ni kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Ní 25%, ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ̀n yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n padà kọ. Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ fi SMD −0.53 hàn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fi −0.14. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí kò kọjá ohun tí èèṣì lè fà, kí ẹ má bàa sọ pé mo fi í pamọ́.

Ní ti 150 yẹn, mo gbà pé àwọn ènìyàn ló jókòó yàn án, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ka àwọn ìdánwò kékeré náà wò. Ìdánwò 176 lórí àìsàn 61 ni NHMRC wò, ẹ ò lè rí àìsàn kan níbẹ̀ tí ìwádìí tó tóbi, tí wọ́n ṣe dáadáa, tí ẹlòmíràn tún ṣe, ti fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè, tí ìwé kan bá dé ọwọ́ yín, ọ̀nà tí mo máa ń gbà nìyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ClinicalTrials.gov tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ mìíràn, ẹ wá ìdánwò náà, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ṣé kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé ni, àbí lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí? Ẹ wo ohun tí wọ́n ní àwọn máa wọ̀n, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Tó bá jẹ́ ohun 12 ni wọ́n wọ̀n, tí ẹyọ kan ní p tó kéré sí 0.05, tí òun nìkan wá bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú àkótán, ẹ fura. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó pa àṣírí kèké mọ́. Tí dókítà bá lè mọ apá tí ọmọ tó kàn máa bọ́ sí, ó lè máa yan ẹni tó máa gbà wọlé. Ẹ ka iye tó wọlé, ẹ ka iye tí wọ́n ṣírò níkẹyìn, ẹ béèrè ibi tí àwọn tó kù gbà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wo p, ààlà ìdánilójú ni kí ẹ sì kọ́kọ́ kà kí ẹ tó kà á.

Ìwé kan tí mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa ni ti Brien, nínú jọ́nà Rheumatology ní 2011. Ènìyàn 83 tó ní àrùn oríkèé rheumatoid ni wọ́n lò, fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n ya ìjókòó pẹ̀lú oníhómíópátì sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn rẹ̀: àwọn kan rí oníhómíópátì, àwọn kan ò rí i, àwọn kan gba oògùn, àwọn kan gba plàsíbò. Ara àwọn tó jókòó bá oníhómíópátì sọ̀rọ̀ yá sí i. Oògùn ò fi nǹkan kan kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá sọ pé "ó ṣiṣẹ́ fún mi" kò fi ń purọ́. Wákàtí kan tí ẹnì kan fi gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ lágbára, kò sì nílò 30C.

Ọ̀nà_Kejì fèsì:

Mo gba ti Brien. Ti León ṣì ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe Jacobs tún un ṣe bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n yàn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Oníṣirò fèsì:

Àdéhùn nìyẹn. Tí wọ́n bá lo ọmọ tó pọ̀ ju ti Honduras lọ, èmi náà á gba èsì rẹ̀, bó ti wù kó rí.

Ìtọ́jú_Ọmọ fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, ohun tí a máa sọ fún ìyá, torí òun ló máa gbé ọmọ délé.

Ohun tí ìwé León kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́ sọ nù lójú yín ni pé ORS ni gbogbo àwọn ọmọ yẹn ń mu. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ọmọ níbi àrunṣu, omi àti iyọ̀ tó ń bá a jáde ni. Kò sí ẹ̀rí kankan nínú ìwé yẹn pé hómíópátì lè dípò ORS, àwọn tó kọ ọ́ kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, WHO kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi hómíópátì tọ́jú HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibà, ọ̀fìnkìn líle tàbí ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ọwọ́.

ORS tí WHO àti UNICEF ń lò láti àwọn ọdún 2000: nínú lítà 1, iyọ̀ gíráàmù 2.6, glúkóòsì 13.5, potassium chloride 1.5, trisodium citrate 2.9. Apò tó jẹ́ ti lítà 1, kí ìyá pò ó nínú lítà 1 omi tó mọ́, kó má dín omi kù nítorí pé ó fẹ́ kó "lágbára". Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu. Tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 2, ìwọ̀n 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2 sí 10, 100 sí 200. Tó bá bì í, kí ìyá dúró fún ìṣẹ́jú 10, kó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Síǹkì 20 mílígíráàmù lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 10 mílígíráàmù. Kí ọmú mímu má dúró, kí oúnjẹ náà má dúró.

Tí ìyá bá ti ń fún un ní hóró hómíópátì, ẹ má bá a jà. Ẹ ka ara páálí pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 30C, ṣúgà ni. Ẹ sọ fún un pé kò ní ṣe ORS ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀kún ṣíbí kan nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ X tó kéré, tàbí tí kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, ní kó dá a dúró.

Kó gbé ọmọ wá lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí ó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò jí dáadáa, tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí awọ ikùn tí ẹ fún pọ̀ bá lọ́ra kó tó padà sí ipò rẹ̀. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó padà, omi ara ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà fún un lómi, ṣùgbọ́n tó bá ṣì lè mu, kí ìyá máa fún un ní ORS lẹ́nu títí wọ́n á fi dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá fi ìwé Honduras àti ti León síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi papọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: síǹkì yẹn, ṣé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, àbí nígbà tí ìgbẹ́ bá dá?

Ìtọ́jú_Ọmọ fèsì:

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì mu ún pé ọjọ́ 10 ó kéré tán, kódà bí ìgbẹ́ bá dá lọ́jọ́ kẹta. Hóró tó ń yòrò ni, kí ìyá fi sínú ṣíbí kan pẹ̀lú omi tó mọ́ tàbí ọmú tó fún, á yòrò láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ọmọ bá bì í jáde kí ìdajì wákàtí tó pé, kó fún un ní òmíràn.